Pírǹtà tí Kò Dáhùn

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ọ̀gá mi ló kọ ètò kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń bá pírǹtà sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, èèyàn jẹ́jẹ́, àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́. Bí a bá fẹ́ tẹ ìwé, ètò náà á gba àyè díẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí. Bí pírǹtà bá ti dáhùn pé òun parí, á dá àyè náà padà.

Àfi bí kọ̀ǹpútà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gan lójoojúmọ́, tí kò ní gbọ́ àṣẹ kankan mọ́. Máníjà ní bí kò bá tíì dára di ọjọ́ Ẹtì, kí ọ̀gá mi máa lọ sílé.

Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀gá mi wà ní Ọ̀yọ́, èmi sì rí ìdí tí kọ̀ǹpútà fi ń gan. Bí iná bá lọ, bátìrì ló kù fún wa, a ó sì sáré pa pírǹtà kí bátìrì má baà tán. Pírǹtà tí a pa kò lè dáhùn mọ́. Ètò á máa retí rẹ̀, kò ní dá àyè padà, títí mẹ́mọ́rì á fi kún. Ìlà mẹ́rin péré nínú ètò náà ni àtúnṣe rẹ̀: bí ìdáhùn bá pẹ́ jù, dá àyè padà. Àmọ́ ètò ọ̀gá mi ni, mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó dé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀gá mi tó dé. Máníjà bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá mi wò mí. Mo wolẹ̀, èmi òmùgọ̀. Wọn ò tọ́ mi nílé pé kí n máa tú àṣìṣe àgbà síta láwùjọ. Mo ní tí a bá jáde, màá yọ́ ọ sọ fún wọn. Ká tó jáde, máníjà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi.

Mo tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Kọ̀ǹpútà ò gan mọ́. Inú mi bàjẹ́ ju ìgbà tó ń gan lọ.

Mo lọ bá wọn ní Ọ̀yọ́, mo dọ̀bálẹ̀, mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. “Háà! Bátìrì la ń ṣọ́, mẹ́mọ́rì ló ń kún!”

Wọ́n wá bi mí. “Ìgbà wo lo rí i?”

“Ọjọ́bọ̀ ni, sà.”

“Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ ní ìpàdé?”

“Mo ń bọ̀wọ̀ fún yín ni, sà. Mi ò fẹ́ tú àṣìṣe yín síta.”

Wọ́n nawọ́ gbé mi dìde. “Àṣìṣe mi ti wà níta, ọmọ mi. Àtúnṣe ẹ̀ ni mo ń wá lójú ẹ lọ́jọ́ ìpàdé.”