Bààmú Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀tún

Ọ̀gbẹ́ni Ọládèjì ṣe nọ́ọ̀sì ní Dallas fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sinmi. Òun ń kọ ìtàn ilé iṣẹ́ Faransé kan tó ti kógbá sílé kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀. Káàdì aláwòrán ni wọ́n ń tẹ̀, àti fọ́tò oníbejì: àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì lórí páálí kan, tí èèyàn bá gba inú gíláàsì wò ó, á yọ síta bí ẹni fẹ́ kí ọ. Ọ̀gá wọn ò kúrò ní Paris rí. Gíláàsì tí àwọn arìnrìn-àjò fi ya fọ́tò, èyí tí wọ́n ń tẹ àwòrán jáde lára rẹ̀, ló ń rà, á wá tẹ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Kí Ọlọ́run dárí jì í.

Káàdì kan ló fa Ọládèjì wọ ọ̀rọ̀ yìí: ọkùnrin kan tó dúró ti àpótí ọtí ní èbúté Èkó, bààmú kan ṣoṣo lójú rẹ̀. “Oníṣòwò” ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, kò sí orúkọ. Ọládèjì ní bàbá bàbá òun ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Màmá Abísóyè ní Pleasant Grove, ní Dallas kan náà, nìkan ló kù láyé tó mọ ojú bàbá náà. Nígbà tí Màmá wà lọ́mọdé, ìka ni wọ́n máa ń fi tọ ilà ojú rẹ̀ títí oorun á fi gbé wọn lọ.

Màmá wo káàdì náà. “Èyí kọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni bààmú bàbá wà. Ọ̀tún lèyí. Bàbá ẹlòmíràn lò ń gbé kiri.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún un wò.”

“Ṣé ojú ló ń dùn mí ni, àbí etí ló ń dùn ọ́?”

Odindi oṣù mẹ́jọ ni Ọládèjì kò fọwọ́ kan ìwé náà mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, ó fi fọ́tò náà han èmi tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Mo ní, “Ẹ gbà mí o! Ṣé ẹ̀yìn làwọn Faransé yìí ti ń kàwé ni? Ẹ wo bí lẹ́tà ara àpótí yìí ṣe kọjú sódì.”

Ọdún mẹ́fà ló fi wo ojú ọkùnrin yẹn, kò wo àpótí rí. Ẹni tó tẹ fọ́tò ló dojú gíláàsì dé. Ọ̀tún ti di òsì, òsì ti di ọ̀tún.

Mo fi mọ́tò gbé e lọ sí Pleasant Grove lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn, ojú Màmá ti fọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, òsì ni o! Wọ́n yí i ni!”

“Ta ló rí i?”

“Èmi ni, mà.”

“Ìwọ tó ti ń wá a lójú méjèèjì.”

“Arábìnrin yìí náà rí i.”

“Ṣebí ìwọ lo mú un wá.”

Màmá gba káàdì náà, wọ́n fi ìka tọ ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n dá a padà.

“Ó ń dán,” ni wọ́n wí. “Ojú bàbá kì í dán.”

Ọládèjì ti padà sídìí ìwé rẹ̀. Lábẹ́ fọ́tò yẹn, “Oníṣòwò” lòun náà kọ. Mo ní kó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ síbẹ̀. Ó ní òun ò ní ẹlẹ́rìí.