Ohun Tí A Bá Nínú Ikùn Àbùùbùtán

Òórùn láílọ́ọ̀nù gbígbóná kì í tètè kúrò lára ènìyàn. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é ní Ọ̀tà, mo lè fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ títí, ìyàwó mi á ṣì gbóòórùn rẹ̀. Kò dùn mí rárá. Ọ̀ṣun ni mo ti wá, ẹni tó bá sì ríṣẹ́ ní Ọ̀tà nígbà náà ti ríbi jókòó. Mo máa ń dúró ti ẹ̀rọ, kí n máa wo bí láílọ́ọ̀nù ṣe ń wú lọ sókè bí àpòòtọ̀ àgbò tí ọmọdé ń fẹ́ lọ́jọ́ Iléyá. Inú mi á máa dùn bí ẹni pé èmi ni mo dá atẹ́gùn.

Bàbá ìyàwó mi tún yangàn jù mí lọ. Apẹja ni wọ́n, létí òkun lápá Àgbádárìgì, kò sì sí ẹni tí wọn kò sọ fún pé àna àwọn ló ń ṣe láílọ́ọ̀nù tí gbogbo ayé fi ń di ọjà.

Lọ́dún kan tí a lọ kí wọn, a bá èrò létí òkun. Omi ti gbé òkú ẹran ńlá kan sórí iyanrìn. Àwọ̀ eérú ni, ẹnu rẹ̀ sì yọ síwájú bí àgógó ẹyẹ. Àwọn kan ti pọ́n àdá, ṣùgbọ́n obìnrin kan tó ń kọ́ni nípa ẹran inú òkun ní yunifásítì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má jẹ ẹ́, kí òun kọ́kọ́ mọ ohun tó pa á. Bó ṣe ń gé e ló ń ṣàlàyé fún wa. Ó ní àbùùbùtán ni, ṣùgbọ́n irú èyí kì í súnmọ́ ilẹ̀; ọ̀gbun òkun ló ti ń wá oúnjẹ, níbi tí oòrùn kò dé. Ó ń mí bíi tiwa, síbẹ̀ ó lè wà nísàlẹ̀ omi ju wákàtí kan lọ. Etí ló fi ń ríran nínú òkùnkùn ibẹ̀: á ta ohùn jáde, tá-tá-tá, á gbọ́ ibi tí ohùn náà ti kọlu nǹkan, á sì fa oúnjẹ náà mì láìrún un. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé òórùn òkú.

Lẹ́yìn náà ló la ikùn rẹ̀. Láílọ́ọ̀nù ló ń fà jáde, dúdú àti funfun, wọ́n lọ́ mọ́ra bí okùn. Ó ní nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ohùn tó bá ba láílọ́ọ̀nù máa ń padà bí ìgbà tó ba oúnjẹ. Ebi ló pa ẹran náà, tòun ti ikùn kíkún.

Bàbá mú ọ̀kan, wọ́n ṣàn án, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n nawọ́ sí mi.

"Ọkọ ọmọ mi rèé. Àwọn ló ń ṣe é ní Ọ̀tà."

Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Obìnrin náà wò mí.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ló wí, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Èyí tí àwa dà, ẹlòmíràn ló tọ̀.

Nígbà tí a padà, mo ròyìn fún ọ̀gá wa. Ó bi mí bóyá àbùùbùtán ló ń bọ́ àwọn ọmọ mi. Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo sì tan ẹ̀rọ. Títí àwọn ọmọ fi jáde ìwé ni mo ń tàn án. Èyí tí mo ṣe kí n tó mọ̀ kò dà mí láàmú tó èyí tí mo ṣe lẹ́yìn tí mo mọ̀.

Ìlú Àtàn, lẹ́bàá Ọ̀tà, ni mo ń gbé báyìí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi fẹ́ràn kí n sọ bí ẹran náà ṣe ń wọ ọ̀gbun lọ. Mo máa ń sọ ọ́ dé ibi tó ti gbọ́ ohun kan tó dún bí oúnjẹ nínú òkùnkùn. Bí wọ́n bá wá bi mí pé kí ló jẹ, mo máa ń wá ibi kan rán wọn lọ.