Omi Ọ̀pàrà Tí Ìyá Àgbà Mu

Odò Ọ̀pàrà kì í ṣe odò tí ènìyàn lè fi yangàn. Ìlà-oòrùn ìlú Parakú ló gbà kọjá, kò fẹ̀ púpọ̀, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì mú, ó di ọ̀gọ̀dọ̀ káàkiri. Síbẹ̀, ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé òmìnira, kò sẹ́ni tí nǹkan kan kì í gbé débẹ̀. Àwọn Fúlàní ń da màlúù lọ mumi, àwọn Bàrìbá ń pẹja, àwọn awakọ̀ ń fọ ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn obìnrin àdúgbò Titíru ń fọ aṣọ, wọ́n sì ń fi ẹni tí kò sí níbẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Láti ibẹ̀, omi náà ń ṣàn lọ sí gúúsù, ó ń gba ìlà-oòrùn Ṣábẹ̀, ìlú bàbá mi, kó tó lọ dà pọ̀ mọ́ odò Wẹ̀mẹ̀.

Ní Ṣábẹ̀, òdìkejì Ọ̀pàrà ni oko ìdílé wa wà. Nílé wa, ẹni tó bá ń sọdá lọ sóko kò gbọdọ̀ mu omi odò náà. Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé nìkan ló ń bu ún mu. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi, èmi náà kò sì béèrè.

Aṣọ ni bàbá mi ń tà ní ọjà Arzèkè ní Parakú. Nígbà tí ìyá rẹ̀ darúgbó, ó lọ fi ọkọ̀ ojú irin mú un wá sọ́dọ̀ wa ní àdúgbò Lajifaraní níbẹ̀. Ìyá àgbà kò ṣàìsàn, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn fẹ́ lọ kú sí Ṣábẹ̀ ni, ó sì ń sọ ọ́ láràárọ̀ bí ẹni ń kíni.

Bàbá mi á ní, “Ìyá, ṣé ibí kì í ṣe ilé yín ni?”

“Oko lo wà, ọmọ mi. Ilé sì ni àbọ̀ sinmi oko.”

Bàbá mi rò ó títí. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ó yá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé èmi àti ìyá rẹ̀ lọ sétí Ọ̀pàrà. Ó dá a lójú pé bí ìyá àgbà bá rí i, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

“Ẹ wò ó, Ìyá. Omi ilé yín náà nìyí.”

Ìyá àgbà wo odò náà. “Ibo ló ń lọ?”

Bàbá mi nawọ́ sí gúúsù. “Ọ̀nà Ṣábẹ̀.”

“Áà. Ó ń lọ sílé, èmi wá jókòó síbí.”

Ó di èjìká mi mú, ó rọra bẹ̀rẹ̀, ó bu omi náà, ó sì mu ún. Àánú bàbá mi ṣe mí, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló mú ìyá rẹ̀ débẹ̀.

“Ó dáa, Ìyá. Màá mú yín lọ lọ́sẹ̀ yìí.”

Lẹ́yìn náà, òun náà bẹ̀rẹ̀, ó bu omi sọ́wọ́. Mo rò pé yóò mu ún ni. Ó fi bọ́jú, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀, ó ní ká máa lọ, pé ọjà ń bẹ lọ́la.