Ìjánu Àkísà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, Kánò ni wọ́n ti mú mi wá sí agboolé wa ní Bẹyẹrunkà, n'Ìbàdàn. Ìyá mi kò bá mi wá. Ọjà tó ń tà kò jẹ́. Ọ̀dọ̀ bàbá tó bí bàbá mi ni wọ́n fi mí sí, òun ló ń tọ́jú ẹṣin mọ́gàjí, olórí agboolé wa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ bí agboolé tó kún ṣe máa ń ṣófo lójú ẹni tí kò ní alábàárò níbẹ̀. Yorùbá kò já geere lẹ́nu mi. Àwọn ọmọ ilé a máa pè mí ní ọmọ Kánò, wọn a ní kí n sọ̀rọ̀ kí àwọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, n kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Ilé ẹṣin ni mo ń lọ jókòó sí.

Ọdún yẹn náà ni mọ́gàjí ra ẹṣin kúkúrú kan láti Ìlọrin. Orúnkún ń dùn ún, kò lè gun ẹṣin gíga mọ́. Bẹ́ẹ̀, nílé tiwa, mọ́gàjí kì í fẹsẹ̀ rìn lọ sí Yídì lọ́jọ́ Iléyá. Bó bá fẹsẹ̀ rìn, wọn á ní agbára rẹ̀ ti tán, àbúrò rẹ̀ sì wà nílé tó ń retí kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé wá tẹjú mọ́ ẹṣin kékeré yìí. Wọ́n ní bí kò bá ṣeé gùn, alágbàtà tó mú un wá yóò gbà á padà.

Kò sì ṣeé gùn. Bí wọ́n bá ti gùn ún, orí rẹ̀ á lọ sókè bí ẹni tó ń wo ọ̀run, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀, ahọ́n á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì máa ju orí kiri. Bó ṣe ń ju orí ni àwọn ọkùnrin ilé ń fa okùn ìjánu. Wọ́n ní agídí ni. Wọ́n fi okùn so orí rẹ̀ mọ́ àyà, ó fà á já. Wọ́n lọ rọ irin ìjánu mìíràn tó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọ̀rọ̀ wá burú sí i.

Èmi tí mo ń jókòó tì í mọ̀ pé orí yẹn kì í lọ sókè bí kò bá sí irin lẹ́nu rẹ̀. Èjìká mi ló máa ń gbé e lé, á máa mí sí mi lọ́rùn. Apá kan ẹnu ló fi ń jẹ koríko. Mo sọ fún bàbá àgbà. Ó la ẹnu ẹṣin, ó wò ó pẹ́. Igun ẹnu ti bó, irin sì ti dá egbò sí àjà ẹnu. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó jẹ́ kí egbò jinná, ó gé igi kékeré kan, ó fi àkísà aṣọ òkè rẹ̀ àtijọ́ wé e nípọn, ó fi òrí pa á, ó sì fi rọ́pò irin. Torí pé mo fúyẹ́, èmi ló gbé gùn ún.

"Ẹnu rẹ̀ lo dì mú yẹn o," ló wí. "Bí o bá fà á, òun náà á fà. Bó bá ti tẹrí ba báyìí, tètè dẹ okùn fún un, kó mọ̀ pé o rí i."

Àárọ̀ la máa ń jáde, kí èrò tó pọ̀ ní Ọjà'ba. Bàbá á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa títí dé ìsàlẹ̀ Òkè Màpó. Díẹ̀díẹ̀ ni ọrùn ẹṣin ń rọ̀, tó ń tẹrí ba, tó ń jẹ àkísà lẹ́nu jẹ́jẹ́. Hausa ni mo ń sọ sí i. Kò sì fi mí rẹ́rìn-ín. Mọ́gàjí fúnra rẹ̀ gùn ún yí agboolé ká, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ pa á lọ́rùn. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn.

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, àbúrò mọ́gàjí wọlé ẹṣin wá. "Ẹ̀gbọ́n, àkísà lẹ ó kì sí ẹṣin lẹ́nu, kẹ́ ẹ gbé e kọjá lójú gbogbo Ìbàdàn? Tó tún sorí kọ́ bí ẹṣin tó ti ibi òkú bọ̀?"

Ẹ má ṣe bú u. Láyé ìgbà náà, ẹṣin olóyè gbọ́dọ̀ gbórí sókè, kí irin ẹnu rẹ̀ máa dán. Ohun tí ará ìlú ń wò nìyẹn.

Bàbá àgbà ní, "Mọ́gàjí, ẹ̀yin náà lẹ ó jókòó lé e o."

Mọ́gàjí wolẹ̀ títí. "Mo mọ̀," ló wí. "Ẹ ki irin sí i lẹ́nu."

Ní Ọjà'ba, níbi tí èrò ti pọ̀ jù, wọ́n yìnbọn ọdún. Ẹṣin gbórí sókè. Mọ́gàjí fa okùn, bí ẹnikẹ́ni ṣe máa fà á. Ẹṣin tún ju orí, ó gbá a nímú, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sára agbádá funfun. Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà sílé, ọwọ́ rẹ̀ léjìká bàbá mi àgbà. Àbúrò rẹ̀ bá èrò lọ sí Yídì.

Ọdún kò tíì tán nílẹ̀ tí alágbàtà fi dé. Okùn lásán ló fi fà á lọ, orí ẹṣin wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo tẹ̀ lé wọn dé ibi tí wọ́n ti ní kí n padà. Mọ́gàjí jókòó níwájú ilé. Nígbà tí ẹṣin ń kọjá, ó yíjú sí ògiri. Láti ìgbà náà kò jáde lọ́jọ́ Iléyá mọ́. Nígbà mìíràn á pè mí kí n wá jókòó ti òun. 

Ayé ti yí. Ilé ẹṣin ti di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù. Ẹṣin kò tán n'Ìbàdàn o. Bí ọdún bá dé, wọ́n á háyà wọn wá, àwọn ẹṣin á gbórí sókè, ará ìlú á máa pariwo. Èmi kì í wo orí. Ẹnu ni mò ń wò. Àwọn ọmọ mi wà l'Ékòó àti lókè òkun, wọ́n ń pè mí dáadáa. Agboolé kún, àmọ́ kò sẹ́ni tí mo lè sọ Hausa sí.

Ìjánu àkísà yẹn ṣì wà lára ìṣó ní yàrá mi. Ọmọ-ọmọ mi kan tó wá kí mi bi mí pé, "Màmá, kí lèyí?" Mo ní ìjánu ẹṣin ni. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó yọjú síta, ó ní, "Ẹṣin ọ̀hún dà?"

Mo nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. A jọ ń wo ibẹ̀, títí fóònù rẹ̀ fi dún.