Ọwọ́ ìyáálé mi ló ń kẹ́yìn

Ọmọ mi, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ ìyáálé mi ló ń kẹ́yìn dé inú àwo. Lọ́dún ọ̀dá, tí túwó ò kárí wa mọ́ ní Zogbeli, àdúgbò wa, ó ní kí àwọn ọmọdé kọ́kọ́ jẹ. Ọkọ wa fárígá: “Ọmọdé á ti ṣe ṣáájú bàbá rẹ̀?”

Ìyáálé mi dá a lóhùn pé, “Alhaji, ikùn àgbà ló mọ sùúrù.”

Ọkọ wa rẹ́rìn-ín, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Nígbà tó yá, obìnrin kan wá láti yunifásítì, ó ń wádìí ohun tó ń mú ọkàn ènìyàn dúró nínú ìnira. Ó bi ìyáálé mi pé, “Màmá, kí ló gbé yín ró?”

Ó nawọ́ sí àwọn ọmọ mẹ́sàn-án tó ń ṣeré lágbàlá. “Àwọn ọmọ mi nìyẹn. A ò sin ìkankan.”

Kò sọ fún un pé èmi ni mo bí márùn-ún nínú wọn.