Ẹrù Tí A Dì Sẹ́nu Ọ̀nà

Ọkùnrin kan wà tó máa ń fọ́nnu lọ́jà Ẹ̀jìnrìn pé òun ò bẹ̀rù ìjì ọ̀sà, ṣùgbọ́n tó bá di òru, àyà ara rẹ̀ ló ń lé e jáde nílé. Èmi ni.

Àwa tí ogun àgbá àwọn Òyìnbó lé kúrò ní Èkó wá sí Ẹ̀pẹ́, a ní àṣà kan nígbà náà. Gbogbo ilé ló ní ẹrù kan tí a dì sẹ́nu ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni kì í tú. Bí wọ́n bá ní ká padà sí Èkó, ká gbé e. Bí àgbá bá tún dún, ká gbé e sá. Ọdún ń gorí ọdún, eku ń jẹ ẹrù, a ò tú u. Èmi tún ṣe ju àwọn yòókù lọ, mo fi tèmi ṣe ìrọ̀rí.

Oorun á ti wọ̀ mí lára, kò sí àlá, kò sí ariwo, àfi kí n ṣàdédé ta jí. Ọkàn mi á máa lù bí ẹni ń gúnyán, èémí á há mi lọ́fun, òógùn á bò mí. Màá ti gbà pé mo kú tán. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti gbé ẹrù lérí, mo ti dé etí ọ̀sà. Tí mo bá débẹ̀, ara á balẹ̀. Mo wá gbà pé ọ̀sà ló ń wò mí sàn, nítorí àlùfáà ti fún mi ní omi tó fi fọ wàláà mu títí inú mi fi kún fún tàdáwà ìkọ̀wé, pàbó ló já sí.

Lóru ọjọ́ kan, mo sáré kọjá lójúde àgbà àdúgbò wa. Baba náà jáde wá ṣe àlùwàlá, ó rí ọkùnrin tó gbẹ́rù tó ń sáré lọ sómi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Baba lọgun pé àwọn alágbá ti dé. Ká tó wí ká tó fọ̀, gbogbo ará Èkó ti tú dé etí ọ̀sà, tẹrùtẹrù, tọmọtọmọ. Baba fúnra rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀, ó gbé ẹrù ìyàwó rẹ̀, ó gbàgbé ìyàwó. Èmi tí mo dá a sílẹ̀ jókòó sórí iyanrìn, ara mi ti balẹ̀, mò ń bi wọ́n pé kí ló dé.

Ìyàwó mi ò sá. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ò lé baba tirẹ̀ rí. Ó pọn ọmọ wa, ó rọra rìn wá bá mi. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

“Baba ọmọ mi,” ló wí, “ẹrù lẹ gbé. Ẹ ò gbé ọmọ.”

Ó ní ilé baba òun ò jìnnà, pé bí mo bá tún sá jáde, òun á gbọ́mọ lọ síbẹ̀. Ó wá ní, “Mo máa ń wò yín lẹ́yìn. Kí ẹ tó débi omi lara yín ti ń balẹ̀. Bí ẹ bá jókòó sílé, ṣé ìpayà náà kò ní lọ náà ni?”

Mo ṣu ẹnu jọ. Kí lọmọ apẹja mọ̀ nípa àgbá? Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, mo tú ẹrù náà. Ìlàjì ìkòkò, bàtà ẹsẹ̀ òsì, aṣọ tí ikán ti jẹ tán. Ohun tí mo ti ń gbà là lọ́wọ́ àgbá láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún.

Kò pẹ́ tó tún dé. Mo ta jí, ọwọ́ mi ń wá ẹrù, kò sí ẹrù. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo di ẹní mú. Mò ń sọ fún ara mi pé ọkàn ló ń lù, kì í ṣe àgbá. Mò ń mí díẹ̀díẹ̀. Ó dá mi lójú pé màá kú, ó sì ń dùn mí pé ìjókòó ni màá kú sí, bí ìyá arúgbó. Mi ò kú. Ó le, ó le, ó wá rọ̀. Inú tilẹ̀ bí mi díẹ̀ pé ìyàwó mi jàre.

Mo ṣebí ó ń sùn. Ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ ni mo rí i lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù tirẹ̀ tó ti dì níwájú rẹ̀. Inú òkùnkùn yẹn ló ti ń wò mí. Ó tú okùn ẹrù náà, ó yọ ìkòkò rẹ̀ jáde, ó lọ dáná.