Ẹsẹ̀ Òsì Tí Kò Gbọ́ Tèmi Mọ́

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi wa tírélà fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń rọ irin ní Ọ̀tà. Ohun kan ni àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi mọ̀ mí mọ́: bó ti wù kí ẹrù ẹ̀yìn mi wúwo tó, bí mo bá ń gbéra, ọkọ̀ kì í ta gìjà. Ńṣe ni mo máa ń tú kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀, sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí n óò fi mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti di táyà mú. Àtẹ́lẹsẹ̀ òsì ni mo fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe etí.

Ìtọ̀ ṣúgà ló gba àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo dé mọ́ṣáláṣí, mo fẹ́ bọ́ bàtà, mo rí i pé ti òsì ò sí lẹ́sẹ̀ mi. Ó ti yọ lójú ọ̀nà láti Itele, ẹsẹ̀ mi ò mọ̀ ọ́n lára. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. Èmi ò lè rín in.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́. Kò pẹ́, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ fò gìjà, irin gbọọrọ tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà ẹ̀yìn sì já. Lẹ́ẹ̀kejì, áàsùlù tó di táyà ẹ̀yìn mú ló kán. Ọ̀gá tó ń bójú tó ọkọ̀ wa wò mí.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ àwọn yòókù ni?"

Ìtìjú yẹn ló gbé mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Sàńgó, àbúrò ọ̀rẹ́ mi, tó máa ń tún ọkọ̀ ṣe fún àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìdíje. Mo sọ òótọ́ fún un. Ó wo bàtà òsì mi.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ń sáré náà máa ń já ẹsẹ̀ kúrò lójijì, áàsùlù wọn á kán. Mo máa ń mú kí ojú páìpù ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì há, kí ọ́ìlì má lè tètè padà. Bí ẹsẹ̀ bá tiẹ̀ já, kílọ́ọ̀ṣì á rọra mú ni. Àmọ́ ẹsẹ̀ yín gan-an ló yẹ ká wá nǹkan ṣe sí."

"Ṣáà bá mi ṣe ti ọkọ̀."

Ó ṣe é. Fún oṣù márùn-ún gbáko, ọkọ̀ ò ta. Wọ́n tún ń yìn mí. Èmi mọ̀ pé irọ́ ni mo ń wà kiri.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gosiló dá wa dúró lórí òkè kan lọ́nà Ìjù. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, mo tú búréèkì sílẹ̀. Ọ́ìlì ò tètè padà, kílọ́ọ̀ṣì ò tètè mú, ọkọ̀ ń yí lọ sẹ́yìn, òórùn kílọ́ọ̀ṣì tó ń jó kún inú ọkọ̀. Kí n tó tẹ búréèkì padà, mo ti run kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan mọ́ ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí èrò nínú rẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ ti fò bọ́ sílẹ̀. Ó ká ọwọ́ lérí.

"Bàbá, ohun tí mo fi ń jẹun nìyẹn."

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Mo jẹ́wọ́ kí ilé-iṣẹ́ tó tú ọkọ̀ náà wò. Ọ̀gá mi bi mí pé, "Bí èèyàn bá wà nínú rẹ̀ ńkọ́?" Mo gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì rẹ̀, mo jáde.

Ní ọsibítù, wọ́n rí egbò kan lábẹ́ ẹsẹ̀ náà tí mi ò mọ̀ sí. Wọ́n ti gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta, síbẹ̀ egbò náà kò jiná. Dókítà ní ká ní mo tètè wá ni. Mẹkáníìkì yẹn wá sílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó ń sunkún pé ó yẹ kóun kọ̀. Mo ní kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ohùn mi kò dá èmi fúnra mi lójú.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwọn dókítà fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ nípa gígé e láti ọrùn ẹsẹ̀. Ìyàwó mi ti ká aṣọ tí n óò wọ̀ sórí àga. Mi ò tíì sọ fún un pé mi ò fẹ́ lọ.